Ọwọ́ Tó Gbé Òkúta Olórùka: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Murdina Beaton, 1966–2024

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1966 ni a bí Màmá wa, Murdina Beaton, ní Glen Arradh, láàárín àwọn òkè Scotland, sínú ìdílé Ewen Beaton, olùṣọ́ àgùntàn, àti Ishbel aya rẹ̀. Ẹbí kò rò pé ọdún yìí la máa kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Màmá Ishbel tó bí wọn lọ́mọ ló jókòó sí àga iwájú yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni Màmá lọ títí di ọdún 1982, ṣùgbọ́n wàrà fífún àti irun àgùntàn rírẹ́ ló kọ́ ọwọ́ wọn. Ìgò tí ẹnikẹ́ni kò bá rí ṣí, Murdina ni wọ́n ń pè.

Gbogbo yín lẹ mọ Òkúta Olórùka ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tí kò bá di òrùka irin rẹ̀ mú kó gbé e kúrò nílẹ̀ kò gbọdọ̀ ru òkú gba ọ̀nà orí òkè lọ sí itẹ́ òkú, torí ọ̀nà náà jìn, ọwọ́ tó bá sì yọ̀ yóò dójú ti òkú. Ní ọdún 1985, Màmá gbé e. Obìnrin kankan kò gbé e rí ṣáájú wọn.

Nígbà tí bàbá wọn kú ní ọdún 1989, Màmá bọ́ sí ìlà àwọn tí yóò ru pósí. Alàgbà Farquhar Matheson fà wọ́n sẹ́yìn, ó ní, “Murdina, ọmọ mi, okun ń bẹ lápá ẹ, mi ò jiyàn. Àmọ́ obìnrin kì í ru òkú níbí. Lọ gbé omi tíì kaná.”

Màmá ní, “Ọwọ́ tó gbé òkúta yẹn, Alàgbà, ṣé bàbá mi ló máa wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?”

Màmá lọ gbé omi kaná. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń sọ pé obìnrin ni yóò ru òkú àwọn.

Ní ìdíje òkúta gbígbé abúlé ọdún 1990, Torquil Rennie, bàbá wa, ń fi katakata kó òkúta wá sórí pápá ló bá rí Màmá, ẹfun tí kì í jẹ́ kí òkúta yọ̀ lọ́wọ́ wọn, afẹ́fẹ́ nínú irun pupa wọn. Ọkàn Bàbá yọ́ bíi bọ́tà lórí búrẹ́dì gbígbóná. Bàbá na ọwọ́ láti kí wọn, Màmá dì í mú bí ẹni di irin mú. Bàbá máa ń sọ pé, “Egungun ọwọ́ mi ń ké, mo sì ń gbàdúrà pé kó má tíì tú mi sílẹ̀.” Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹfà ọdún 1991.

Irun àgùntàn rírẹ́ ni Màmá fi jẹun, òkúta ni wọ́n fi gbayì. Ní Iceland, wọ́n gbé òkúta àwọn apẹja sáyà, wọ́n sì gbé e rìn. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n. Ní ọdún 2003, àṣekágbá ìdíje ńlá kan bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Màmá fọ ẹfun kúrò lọ́wọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ife-ẹ̀yẹ sì di ti ẹlòmíràn. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé ní òkúta gbígbé nínú abà wa, lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Màmá jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ń rojọ́ òjò. Bàbá yíjú sí fèrèsé láti wo òjò náà. Kí ojú Bàbá tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti lọ. Àìsàn kankan kò ṣe wọ́n. Títí di báyìí, bí ilẹ̀kùn abà bá dún, a máa ń rò pé àwọn ni.

Lọ́jọ́rú, Bàbá tọ Alàgbà Farquhar lọ nípa ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ sílẹ̀. Alàgbà ní òun ò yí àṣà padà: ẹni tó bá gbé òkúta ló ń ru òkú, ẹni mẹ́jọ ló sì ń ru ú, ká mú obìnrin mẹ́jọ wá.

Lọ́jọ́bọ̀, méje nínú àwọn obìnrin tí Màmá kọ́ nínú abà gbé òkúta náà. Ẹnì kẹjọ, Peigi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ló bá ku Marsaili, ọmọ Màmá, alásè ilé ẹ̀kọ́, tí kò fọwọ́ kan òkúta rí. Òrùka yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dì í mú, ó tún yọ̀. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó.

Peigi tó jókòó gbọ́mọ dání lórí ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní, “Marsaili, ṣé ọmọ Murdina ni ọ́ ṣá, àbí wọ́n pààrọ̀ ẹ lọ́sibítù?”

Marsaili rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún di irin mú. Alàgbà Farquhar, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé koríko tútù láti wò bóyá òkúta kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, “Mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Gbé e kalẹ̀, ọmọ mi, kó o tọ́jú ọwọ́ yẹn di ọ̀la.”

Màmá fi ìyá wọn Ishbel sílẹ̀ sáyé lọ, àti Torquil ọkọ wọn, Marsaili àti Ruaridh ọmọ wọn, pẹ̀lú Eilidh, Finlay àti Una, ọmọ-ọmọ wọn.

Lẹ́yìn orin ìkẹyìn, ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo ìjọ dìde, kí ẹ yà lọ́nà fún àwọn obìnrin mẹ́jọ. Marsaili ni yóò wà níbi orí pósí.

Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ sinmi lé wa lọ́wọ́. A ti dì yín mú.