Sípíríǹgì Tó Ti Nà

Yàrá Kẹrin,
Ilé tó wà lẹ́yìn ilé ìlọta.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Ibi Iṣẹ́,
Àjà Kejì, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE Ọ̀RỌ̀ KAN TÓ DÁ ÀBÚRÒ MI LẸ́BI

1. Èmi ni ẹ̀gbọ́n aṣọ́nà ilé ìkó-ọkà, ẹni tí ìlẹ̀kùn onírin já lù ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, n kò sì mọ̀wé. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń bá mi kọ èyí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá korò níbẹ̀, ẹnu mi ló ti wá, ẹ má bínú sí i.

2. Òkè ni wọ́n ń gbé ìlẹ̀kùn náà sí. Sípíríǹgì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń bá ènìyàn gbé e. Bí ìlẹ̀kùn bá wà nílẹ̀, wọ́n á nà. Bí ó bá lọ sókè, wọ́n á sún kì. Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi fi ń fi ọwọ́ kan ṣí i.

3. Nígbà tí olè jà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìkó-ọkà ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ mìíràn mọ́ ìlẹ̀kùn náà. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n wọn kò pààrọ̀ sípíríǹgì. Wẹ́dà sọ fún ọ̀gá lójú mi pé a kì í gbé ẹrù ẹni méjì kọ́ ẹnì kan lọ́rùn. Ọ̀gá fèsì pé àárẹ̀ kì í mú irin. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àárẹ̀ ń mú irin.

4. Mo fojú ara mi rí i ní oṣù kejì. Ìlẹ̀kùn wà lókè, kò sí ohun tó ń fa sípíríǹgì kankan. Tọ̀tún sún kì. Tòsì kò sún kì mọ́. Ìka mi wọ àárín òrùka rẹ̀ kan sí èkejì. Mo fi okùn wọ̀n wọ́n, tòsì sì fi ìbú ìka mẹ́rin gùn ju tọ̀tún lọ. Bàbá wa kọ́ wa lóko pé igi tí a bá tẹ̀ fi dẹ pàkúté, kí a máa tú u wò. Bí a bá tú u tí kò padà dúró ṣánṣán, iná ló kàn, nítorí ọjọ́ tí ẹran bá dé gan-an ni yóò dójú tini. Mo sọ fún àbúrò mi, òun náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ní kó fi èjìká kún un, àbí níbo ni gbogbo oúnjẹ tó ń jẹ ń lọ?

5. Ó fi èjìká kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún náà sípíríǹgì òsì já, ìlẹ̀kùn wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ túútúú. Ní ilé ìwòsàn, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ti gé e.

6. Akọ̀wé yín wá bá mi nílé. Mo sọ fún un pé sípíríǹgì òsì TI nà. Ó kọ ọ́ pé sípíríǹgì òsì Ń nà. Mo bi í bóyá bí mo ṣe sọ ọ́ ló kọ ọ́. Ó ní, Bàbá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo tẹ̀ka. Ìgbà tí aránṣọ yìí ka ìwé ìwádìí yín sí mi létí ni mo tó mọ̀. Mo padà lọ bá akọ̀wé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínà kò ju nínà lọ.

7. Ó jù ú lọ. Èyí tó ń nà, bí a bá fà á tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sílé. Èyí tó ti nà kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀gbọ́n aṣọ́nà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé sípíríǹgì ń nà dáadáa, nítorí náà ipá tí aṣọ́nà fi gbé ìlẹ̀kùn ló já a. Ẹnu mi ni ẹ fi dá ọmọ ìyá mi lẹ́bi. Wọ́n ti lé e kúrò ní yàrá tí iṣẹ́ fún un. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, á kọjú sí ògiri. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni wọ́n fún mi tí mo fi jẹ́rìí ta ko òun. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

8. A gbọ́ pé ogúnjọ́ oṣù yìí ni ẹ ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ọ̀rọ̀ mi padà sí bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ o. Kí ẹnì kan nínú yín wá kà á sí àbúrò mi létí, nítorí kò ní gbà á lẹ́nu mi.

9. Wọ́n ti fi sípíríǹgì tuntun sí apá òsì. Tọ̀tún tó bá ti àtijọ́ ru ẹrù kan náà ṣì wà níbẹ̀, aṣọ́nà tuntun sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ẹ yọ ọ́. Bí ó bá sì dá yín lójú pé òtítọ́ ni ìwé yín, kí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i lọ dúró sábẹ́ ìlẹ̀kùn náà, kó ka ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá kà á tán láìgbé ojú sókè wo sípíríǹgì náà, èmi ni mo purọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

(Àtẹ̀ka ọwọ́ òsì. Wọ́n kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ̀ ẹ́.)
Ẹ̀gbọ́n Aṣọ́nà,
Ọmọ àgbẹ̀.