Ohùn Tó Ń Jí Màmá

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìdájí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí àbúrò mi náà ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Màmá mi ò ríran mọ́. Nígbà tá a wà ní àdúgbò Zogbeli, ariwo àwọn tó ń ta kókó mímu, ìyẹn ògì gbígbóná, àti òórùn iná igi wọn ló ń sọ fún Màmá pé ìdájí ti dé. Sagnarigu tá a kó wá dákẹ́ jù, ohùn ladánì pàápàá ò dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá ò fojú ba oorun lóru mọ́, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kírun àṣùbáà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àbúrò mi ní òun ń bọ̀ wá gbé wọn padà sí Zogbeli.

Ni Màmá bá ní kí n gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn. Wọ́n ní, "Tí olóòtú bá ti kí wa, mà á dìde, bó ti wù kí oorun kùn mí tó."

Wọ́n sì dìde lóòótọ́! Tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á jókòó síta kí oòrùn àárọ̀ lè ta sí wọn lára, wọn ò sì ní sùn àfi lẹ́yìn ìṣáì. Kò pẹ́, oorun wọn padà sípò. Ẹ ò rí i pé èèyàn ni Màmá mi!

Lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé sórí afẹ́fẹ́. Mo sáré lọ jí Màmá. Wọ́n ti ṣàlùwàlá, wọ́n jókòó ti rédíò tó dákẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí àbúrò mi ṣì gbé wọn lọ? Ẹ bá wa dá sí i.

Olóòtú, Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sùn gbàgbéra lọ́jọ́ Àlàmísì, kì í ṣe àwọn.