Nọ́ńbà Tó Pa Rẹ́ Lára Ẹ̀rọ Bàbá

                                        Ojúlé Kẹjọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara gbogbo wa le níbí. Bàbá bú mi láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara wọn yá nìyẹn.

Ẹ rántí pé mo kọ̀wé sí yín pé Bàbá fẹ́ ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin. Wọ́n ba irin mẹ́ta jẹ́ láàárín oṣù kan, wọ́n ní ojú àwọn ti lọ, pé àwọn ò rí nọ́ńbà kà mọ́. Ẹ̀rọ tó tọ́ gbogbo wa dàgbà! Wọ́n á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí àlejò. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọkùnrin kan ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá wá ní kí ìyàwó yín bá àwọn tún nọ́ńbà ara rẹ̀ kùn, kí ojú rẹ̀ lè fa ẹni tó fẹ́ rà á mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ bi mí nígbà kan pé kí ni obìnrin tó ń fi ọ̀dà kọ pátákó fẹ́ wá ṣe nílé oníṣẹ́ irin. Ó yá, ẹ jókòó kí n ròyìn.

Ṣé ẹ mọ òrùka irin tó wà nídìí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fín ìlà àti nọ́ńbà sí yíká? Bí ẹ bá yí ọwọ́ náà kọjá ìlà kan péré, ọ̀bẹ á wọnú irin ní ìwọ̀n fọ́nrán irun. Ọ̀dà funfun inú àwọn ìlà yẹn ti ṣí, gírísì ọ̀pọ̀ ọdún ló dí wọn. Ìyàwó yín gbẹ́ igi ìṣáná ṣóńṣó, ó ní abẹ́rẹ́ á ha irin, ó sì fi ń tú gírísì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún ìlà, ọjọ́ méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀, tó ní ká jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ ká tó nu èyí tó wà lókè kúrò.

Èmi ọlọ́gbọ́n àṣejù, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo rẹ àkísà rírọ̀ kan sínú kẹrosíìnì, mo fi nù ún. Yéè! Àkísà wọnú ìlà, ó kó gbogbo ọ̀dà jáde. Mo ń retí èébú, torí ẹ mọ ẹnu ìyàwó yín. Ọ̀dà ló kàn tún mú, ó fi sí i. Nígbà tó tó àkókò, ó we bébà mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, ó ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ó sì rọra ń fà á kọjá lórí irin. Pákó ò lè tẹ̀ wọnú ìlà, ọ̀dà tó wà lókè nìkan ló kó. Nọ́ńbà yọ funfun báláú. Ká sọ tòótọ́, ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó tèmi.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá wọlé wá wò ó. Wọn ò tíì dé ìdí ẹ̀rọ, wọn ò lo awò ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní ká yí i, wọ́n tún kà á.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ojú mi ò lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún. Wọ́n di irin kan mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n fá a, wọ́n wọ̀n ọ́n, kò fi fọ́nrán irun kan yẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin yẹn fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti alágbàárù méjì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ẹ̀rọ náà kì í ṣe títà mọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Ìyàwó yín ń kí yín. Mo ní kí Bàbá wá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún lẹ́tà yìí, wọ́n ní àwọn ò ráyè, irin wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,

Ẹlẹ́nu-má-dákẹ́.