Ẹni Tí Yóò Máa Jókòó Ti Qudrah

Èmi, Ròkíátù Àdùkẹ́ Ògúnkànmí, aránṣọ ní Ìbàfò, ni mo ń sọ èyí pẹ̀lú làákàyè mi tó pé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe mí, orí mi kò dàrú. Àbúrò mi Mọ́nsúrù àti aládùúgbò mi Ìbíwùnmí ni kó mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ilé mi jẹ́ ti Qudrah, ọmọbìnrin mi, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè dá jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má ta ilé náà.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì di ti Ìbíwùnmí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń jágbe mọ́ ọn.

3. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni ti Ṣàràfá, ọmọ mi ọkùnrin. Kò sí nǹkan mìíràn fún un, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Òun ló mú Kúlúsúmù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá láti máa tọ́jú Qudrah lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí n lè sinmi. Mo kọ́kọ́ lọ béèrè ìwà rẹ̀ ní Ifọ̀, nílé bàbá arúgbó kan tó ti tọ́jú rí. Ìyàwó ilé náà ní, “Ọmọ dáadáa ni.” Lóṣù kejì, mo rí àpá okùn lọ́rùn ọwọ́ Qudrah. Mo lé Kúlúsúmù, mo padà sí Ifọ̀, mo sì bá irú àpá náà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Obìnrin náà ní òun kò fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ ni. Mo bú u títí ohùn mi fi há.

4. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá jókòó ti Qudrah, ì báà jẹ́ ọ̀sán kan péré, kí Mọ́nsúrù kọ́kọ́ dé gbogbo ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí. Kí ó má fetí sí onílé nìkan. Kí ó wo ọrùn ọwọ́ ẹni tí wọ́n tọ́jú.

5. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Morádéyọ̀ ará Asese wá béèrè ìwà Kúlúsúmù lọ́wọ́ mi, nítorí ó fẹ́ kó máa tọ́jú ọkọ òun tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ṣàràfá ti bẹ̀ mí pé kí n má tú ilé òun ká. Mo ní, “Ọmọ dáadáa ni.” Ojú ń tì mí. Ìpínrọ̀ yìí kò ní dúró de ikú mi, nítorí ọ̀túnla ni Kúlúsúmù máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Mọ́nsúrù, bí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti fọwọ́ sí i tán, gbé mi lọ sí Asese.

Ìtẹ̀ka: Ròkíátù Àdùkẹ́ Ògúnkànmí
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2007
Ẹlẹ́rìí: Gbémiga Ṣówándé, olùkọ́
Ẹlẹ́rìí: Ikram Bùrẹ́ímọ̀, nọ́ọ̀sì