Ọ̀nà tí Fikáyọ̀ Là Wò

Òpópónà Ìjọ Onítẹ̀bọmi,
Òsì,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Mùhísínì,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo agbo ilé rẹ ní Mìnná. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Àwa náà wà láàyè níhìn-ín, a ò rí ibi. Iṣu tuntun ti kún ọjà Òsì, àwọn ọmọ sì ti wọlé ẹ̀kọ́ padà.

Nínú lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn, o bi mí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ilé àti ọ̀nà, nítorí pé ó ti ń wu ìwọ náà. Àsìkò tó dára ni ìbéèrè rẹ bọ́ sí. Ìyàwó mi Fikáyọ̀ gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O mọ̀ pé ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní káńsù ni mo wà láti ìgbà tí a ti jáde ní poli. Mo ti rò pé mo mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè kò ṣàjèjì. Wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí oyè kejì tí èsì rẹ̀ dára, wọ́n fẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ jẹ́rìí sí i, wọ́n sì ní kí ó kọ ohun tó fẹ́ ṣèwádìí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó gbà láti bójú tó o. Ó tún padà jókòó sí kíláàsì, ó sì ṣe ìdánwò kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ilé ló ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ èyí tó tóbi jù: kí ó wá ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ láyé, kí ó sì fi ẹ̀rí gbé e kalẹ̀. Mùhísínì, nígbà tí ó ka gbólóhùn yẹn sí mi létí, orí mi wú. Ta ní í rán ènìyàn ní irú iṣẹ́ báyìí?

O rántí bí èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń ga bí òkè lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Fikáyọ̀ ní òun fẹ́ sun ún, kí òun fi eérú rẹ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ po ilẹ̀pa wa, bóyá ó lè di ọ̀nà tí òjò kò ní wọ́ lọ. Ó pò ó ní yàrá ìwádìí, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó tún òmíràn pò. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí eérú bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà yóò ṣe le tó. Àmọ́ alábòójútó rẹ̀ ní ìyẹn nìkan kò tó. Kí ó lọ ṣe é níbi tí òjò gidi ti ń rọ̀, tí ẹrù gidi sì ń gbà kọjá.

Bàbá Ọládòṣù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ díákónì, ló yọ̀ǹda ọ̀nà oko wọn tó kọjú sí Kòrò fún wa. Fikáyọ̀ fi eérú díẹ̀ sí apá kan, ó fi púpọ̀ sí apá kejì. Òjò rọ̀, ọ̀nà kò yẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń rì sínú ẹrẹ̀ ń sáré kọjá, àwọn ìyá ń gbé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wá sọ́jà láìṣubú. Bí a bá jáde ìsìn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá dúpẹ́ sí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Nígbà tí òjò ọdún kejì fẹ́ parí, Fikáyọ̀ sọ fún mi pé ó di dandan kí òun gbẹ́ inú ọ̀nà náà là láti mú lára ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ará oko, wọ́n fárígá. Bàbá fúnra rẹ̀ wá sílé wa, kò sì fẹ́ jókòó.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹni tó dáṣọ fún ni kì í padà wá fà á ya. Ọ̀nà yìí dára lójú gbogbo wa.”

Fikáyọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ojú ni ó dára. Bí mi ò bá là á, mo kàn gbà á gbọ́ ni. Mi ò tíì mọ̀.”

Bàbá wá jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí a lọ là á, ṣùgbọ́n kí òun wà níbẹ̀.

A gbẹ́ apá tí eérú rẹ̀ kéré. Pẹ̀lú gbogbo òjò tó ti rọ̀, inú rẹ̀ gbẹ, ó le débi pé dígà ń ta padà. A bọ́ sí apá kejì, èyí tí Fikáyọ̀ fọkàn tán jù. Òkè rẹ̀ le bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí a ti gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá báyìí, ẹrẹ̀ ni. Ó ti mu omi láti ìsàlẹ̀ wá, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò sì sí ẹni tó fura nínú gbogbo àwa tí à ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí iṣẹ́ ọdún mélòó kan wó lójú wa. Mo rò pé yóò sunkún. Ó jókòó sẹ́bàá kòtò náà, ó ti ìka bọ ẹrẹ̀, ó sì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Olúwa ṣeun tí a là á.”

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó bá Bàbá sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí kò bá là á ni, orí ìwé rẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà ibòmíràn ìbá gbé ọ̀nà lé, ọkọ̀ akẹ́rù ìbá sì já sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tún àpilẹ̀kọ rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi apá kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà, ó tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n gba ará ilé láàyè láti jókòó lẹ́yìn. Bàbá Ọládòṣù ní àfi kí òun bá wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ òyìnbó. Wọ́n bi Fikáyọ̀ ní ìbéèrè títí àárẹ̀ fi mú èmi tí mo jókòó. Níkẹyìn, olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn, obìnrin àgbà kan, bi í pé kí ló mọ̀ lónìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fikáyọ̀ dáhùn pé eérú yìí ń ran ilẹ̀ wa lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, yóò máa mu omi lábẹ́lẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Ó ní, “Òdì kejì rẹ̀ ni mo gbàgbọ́. Ọ̀nà tí mo ṣe fúnra mi ló já mi nírọ́.”

Obìnrin náà pa ìwé dé, kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ síta. Bàbá bi mí ohun tí wọ́n sọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé padà, gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti dìde dúró, wọ́n sì pe ìyàwó mi ní Ọ̀mọ̀wé.

Nígbà náà ni mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Bàbá ti ṣí fìlà. Mùhísínì, láti kékeré mi, n kò rí i kí ọkùnrin yìí ṣí fìlà rí àyàfi tí a bá ń gbàdúrà.

Kí Ọlọ́run tó fún Fikáyọ̀ ní ìgboyà fún ìwọ náà. Kí ó la ojú rẹ sí ohun tó fara sin, kí ó má sì jẹ́ kí ìsapá rẹ já sí asán. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ poli,
Ọlákìtán.

Àfikún: Fikáyọ̀ ní kí n sọ fún ọ pé kí o má tíì máa wá yunifásítì kiri. Ó ní kí o kọ́kọ́ wá ìbéèrè tí o lè bá gbé fún ọdún púpọ̀ tí kò ní sú ọ.