Sí Ìdílé Abíọ́nà, Lórí Òkú Bàálé Wọn Tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Sáré Kọjá ní Bọ́ládé

Òṣòdì,
Oṣù Kẹwàá, ọdún 1976.

Sí Ìyá Títí, Arábìnrin Tinúadé Abíọ́nà, àti sí gbogbo ọmọ àti ẹbí Olóògbé Olúyínká Abíọ́nà.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tó wúwo ju ìbànújẹ́ náà lọ, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ́tò Eré-Ìje ti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ fi ń bá yín kẹ́dùn ikú bàálé yín. Ó yẹ kí ìwé ìkẹ́dùn ti dé ọwọ́ yín ṣáájú ìsìnkú. Ẹgbẹ́ ti kọ ọ̀kan nígbà náà, ó dùn ún gbọ́ létí dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n sin òkú, Alága ẹgbẹ́, Olóyè Olúbọ̀wálé Ajíbọ́lá, ní kí akọ̀wé fa ìyẹn ya, kí ó kọ òmíràn tí kò ní bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ó ní ojú títì ni àwọn ti hùwà náà, ojú gbogbo èèyàn ló sì yẹ kí àwọn ti tọrọ àforíjì. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé, bí Ìyá Títí bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n ka ìwé yìí sétí ìjọ ní ọjọ́ ìsìn ìrántí. Bí Ìyá Títí kò bá fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ kò ní béèrè ìdí.

Àwọn kan nínú ìjọ lè má mọ irú ẹgbẹ́ tí Tíṣà Abíọ́nà wà. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti ń wọlé, tí owó Údójì sì ti bọ́ sápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn kan ní agbègbè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá Fọ́kísíwágìnì àlòkù kiri, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ìjàpá. Wọ́n á ṣí ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé ara mìíràn lé e, ara pẹlẹbẹ bíi ti mọ́tò eré-ìje tí àwọn Òyìnbó ń gùn. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó rò pé ọmọ olówó ayé kan ló ń bọ̀. Bó bá kọjá tán, ohùn ìjàpá lẹ ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ẹnì kan pe mọ́tò ẹnì kejì ní ayédèrú.

Ó yẹ kí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lè bá ara wọn ṣe dọ́gbadọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n ra ara mọ́tò tiwọn láti ìlú Òyìnbó, tí ọkọ̀ ojú omi gbé e gúnlẹ̀ sí Àpápá, ń pe ara wọn ní Ará Àpápá. Àwọn tí panẹbítà lu irin tiwọn ní Èjìgbò ni wọ́n sì ń pè ní Ará Èjìgbò, bí ẹni ń pe ẹni tó jẹ̀bi nǹkan kan. Ìjàpá kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo wọn, síbẹ̀ Ará Àpápá ló ń jókòó síwájú ní ìpàdé, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbé ọtí fún. Ní ọjọ́ ìjáde, àwọn ló ń ṣáájú. Ará Èjìgbò á fi àyè tó gùn sílẹ̀ kí wọ́n tó máa tẹ̀ lé wọn, kí èrò ojú títì má baà rò pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Olóyè Ajíbọ́lá, tó jẹ́ kọngílá tó ń kó sìmẹ́ńtì, ló dá àṣà náà sílẹ̀, orí rẹ̀ sì máa ń wú bó bá rí i pé wọ́n ń pa á mọ́.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Tíṣà Abíọ́nà máa ń wà. Mọ́tò pupa rẹ̀, tí panẹbítà lù fún un díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù ṣe ń wọlé, ní ìlẹ̀kùn kan tó wọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ìlẹ̀kùn náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yìn dára, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú sọ́nà. Okùn kì í wọ́n nínú mọ́tò tirẹ̀, omi kì í wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan, Ará Àpápá tàbí Ará Èjìgbò, tí kò tíì lò nínú wọn. Òun ló mú kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo tó ní láárí nínú gbogbo òfin wọn, pé bí ẹnì kan bá dúró lọ́nà, kí gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi ìpamọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún òun nìkan.

Ní ìpàdé pàjáwìrì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, Alága dìde, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ó ní nígbà òjò ọdún tó kọjá, mọ́tò òun kú ní Apakun ní ọjọ́ ìjáde. Àwọn Ará Àpápá ẹgbẹ́ òun ń kọjá, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń lọ. Tíṣà Abíọ́nà ló dúró. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó so okùn nínú omi ẹrẹ̀, ó sì fi mọ́tò pupa náà fa ti Alága títí ó fi ku díẹ̀ kí wọ́n dé ọgbà ìpàdé. Ibẹ̀ ni Alága ti pè é, tó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú okùn yẹn níbí. Kò ní dáa kí wọ́n rí i pé mọ́tò Èjìgbò ló ń fà mí.” Tíṣà tú okùn náà. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ó fi ọwọ́ ti mọ́tò Alága lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò náà sì yí wọ ọgbà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló gbé e wọlé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ fún Alága. Tíṣà dé lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn tó jẹ́ tirẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Alága ní òun kò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ sọ ti ọjọ́ ìsìnkú báyìí. Ẹ̀yin ẹbí bẹ̀bẹ̀ pé kí mọ́tò pupa náà tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé òkú, kí Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì, ọ̀rẹ́ olóògbé nínú ẹgbẹ́, wà á, kí Ìyá Títí sì jókòó sínú rẹ̀. Ohun kékeré lẹ béèrè. Alága ní kò burú, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, àlùfáà sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n wọ Òṣòdì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ń rí àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń nawọ́ sí mọ́tò onílẹ̀kùn wíwọ́ náà, ó sì rò pé wọ́n ń wò ó bíi mọ́tò olórí ẹgbẹ́. Ó ní mọ́tò yẹn nìkan ni òun fẹ́ kọjá, kí òun bọ́ sẹ́yìn òkú. Ó tẹ họ́ọ̀nù, ó sì kọjá.

Bí àwọn Ará Àpápá yòókù ṣe rí i pé Alága ń lọ, wọ́n tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Bọ́ládé, ọkọ̀ tó gbé òkú ti ń fà tìkọ̀tìkọ̀, nítorí pé omi ń hó nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Alága kọjá òun náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ń ṣáájú ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ pẹ̀lú ọlá ni. Ọkọ̀ náà kú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn tó wà lẹ́yìn yà fún un, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn Ará Èjìgbò pàápàá sáré tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n má baà sọ pé mọ́tò àwọn kò lè sá. Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì nìkan ló dúró. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹni tó máa ń bojú wẹ̀yìn fún wọn ló wà nínú pósí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń fọn fèrè mọ́tò wọn.

Ní itẹ́ òkú, wọ́n to mọ́tò wọn sí ìlà bí wọ́n ṣe máa ń tò ó, wọ́n sì nu eruku ara rẹ̀. Onífọ́tò ẹgbẹ́ ní kí wọ́n yí ibojì ká. Alága dúró láàárín, ó gbé òdòdó ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí dání, wọ́n sì ya fọ́tò náà nídìí ihò tí kò sí òkú nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yà á tán ni ẹnì kan tó béèrè pé òkú dà. Ẹlòmíràn ní góósílò ni. Wọ́n ń dúró, oòrùn ń pa wọ́n. Ó ṣe é ṣe kí ó ti wá sọ́kàn àwọn mélòó kan láti padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ mọ́tò rẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Nígbà tí òkú dé, lọ́rì tó kó pákó ló gbé e dé. Onílọ́rì náà, Bàbá Sẹ̀kínátù, tó ń ta pákó ní Bọ́ládé, ló rí yín lójú títì. Ó já ìlàjì ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, òun àti àwọn tó ń kiri ọjà níbẹ̀ sì gbé pósí náà sókè fún yín. Ìyá Títí kò padà sínú mọ́tò pupa mọ́. Orí pákó ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di pósí mú kí ó má baà yọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, eruku pákó ti bo aṣọ ọ̀fọ̀ wọn. Wọ́n wo mọ́tò tó ń dán lórí ìlà, wọ́n wo òdòdó ọwọ́ Alága, wọ́n sì béèrè jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo, “Alága, ṣé ẹ ti sin wọ́n tán ni?”

Alága rọra gbé òdòdó náà sílẹ̀ nídìí ibojì. Ká ní ilẹ̀ lanu gbé e mì ní ọjọ́ náà, ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ti bá àwọn ọ̀gá ìjọba sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n, ó ti bá àwọn ọ̀gákọ̀ ojú omi jiyàn ní Àpápá, ṣùgbọ́n kò rí ojú tí yóò fi wo obìnrin tí eruku pákó bò náà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ìbéèrè náà ni òun ń gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀, àbúrò Ìyá Títí, gbé òdòdó ẹ̀yẹ náà padà wá sí ìpàdé. Wọ́n gbé e lé orí mọ́tò Alága, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí yín o. Wọ́n ní òdòdó oníke ni, kì í rọ. Ẹ ṣì lè lò ó fún ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ sáré sin.” Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ẹgbẹ́ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí àfojúdi. Ó tọ́ sí wọn, ó tún kù.

Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lọ bá Bàbá Sẹ̀kínátù pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ẹnu ya bàbá náà. “Ẹ̀bùn kẹ̀? Ẹ̀bùn kí ni? Òkú wà lójú títì, ìyàwó ẹ̀ dúró tì í, ta ló máa wá kọjá ẹ̀?” Kò mọ̀ pé àwọn tó kọjá ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Bàbá náà wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó sì padà sídìí pákó tó ń tò. Wọ́n gbé ẹ̀bùn wọn padà sílé.

Olóyè Ajíbọ́lá ti fi ipò alága sílẹ̀. Kò sí Ará Àpápá mọ́, kò sí Ará Èjìgbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú èèyàn rere ni wọ́n fi mọ̀ pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà nídìí ibojì ṣì wà lọ́wọ́ onífọ́tò, kò sí ẹni tó lọ gba tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ṣèlérí pé Títí àti àwọn àbúrò rẹ̀ yóò kàwé dé ibi tí ojú wọn bá mọ, ẹgbẹ́ ni yóò sì gbé bùkátà náà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ra ìdáríjì. Bí ẹ kò bá dárí jì wọ́n, ìlérí náà dúró bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìn ìrántí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi ẹsẹ̀ wọn rìn wá, wọn yóò sì jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kò ní láti kí wọn.

Kí Ọlọ́run tó fún yín ní Olúyínká, tó sì gbà á padà, tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó ṣe bàbá fún àwọn ọmọ, kí Ó sì fún Ìyá Títí ní oorun lálẹ́ àti okun lójúmọ́. Kí ìtùnú Rẹ̀ má ṣe dà bíi tiwa. Kí Ó dúró tì yín níbi tí àwa ti sáré kọjá lára yín.

Bọ́lájí Ògúnjìmí,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.