Ojú Ìwé Tí Mo Fà Ya

Stafford, Texas,
Ọjọ́ Ajé.

Àna mi àtàtà, Màmá Fúnmi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìrọ̀rùn, kí ẹ sì kà á dópin kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti pè yín lórí fóònù, ẹ ò gbé e. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Bíyìí ọmọ mi fi lẹ́tà yìí sẹ́nu ọ̀nà yín ládùúgbò Uptown bó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí bẹ̀rẹ̀. Mò ń jowú yín. A kì í ṣe orogún, kò sí ọkọ kankan láàárín wa, ọmọ mi ló fẹ́ ọmọ yín. Síbẹ̀ mò ń jowú yín bí ìyáálé tó gbọ́ pé ìyàwó tuntun ń bọ̀. Èmi ni mò ń di irun Tọ́mi ọmọ ọmọ wa. Èmi ni mò ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé rẹ̀ nínú oòrùn Texas tó ń bó èèyàn lára yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ àti "ẹ ṣé mà". Ẹ̀yin á wá yọ sí wa ní Sátidé, nínú mọ́tò tí ẹ ń wà fúnra yín, pẹ̀lú lọ́fíńdà, ọmọ á ti sáré jáde kó tó wọ bàtà tán! Ẹ ó gbé e lọ sí ilé ìtajà ńlá Galleria lọ yọ̀ lórí yìnyín. Tó bá dé, Grandma Rónkẹ́ ní báyìí, Grandma Rónkẹ́ ní tọ̀hún. Màá máa fọ abọ́, inú mi á máa ru.

Lóṣù tó kọjá, tíṣà wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a fi ń júwe èèyàn, kó wádìí ibi tó ti wá, kó sì pe ẹnìkan nínú ìdílé rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bá mu wá jókòó níwájú. Àga kan ṣoṣo. Màmá Fúnmi, mo ti lọ bùbá léèsì mi sílẹ̀! Àfi bí Tọ́mi ṣe ní "nice" ni ọ̀rọ̀ tí òun mú, ẹ̀yin ni òun sì máa pè. Ó wá ní kí n bá òun wá ìtumọ̀ rẹ̀, torí èmi ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ wo ìyà! Èmi ni kí n máa wá ìyìn fún yín.

Mo ṣí dikiṣọ́nárì ńlá mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá: ẹni tí kò mọ nǹkan ni wọ́n ń fi pè. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, ó di òmùgọ̀. Bó ṣe wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn nìyẹn, èébú gidi ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń pe ẹni tó ń ṣa nǹkan jù, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tí a fara balẹ̀ ṣe láìsí àṣìṣe. Ó pẹ́ gan-an kó tó di ẹni tó dùn ún bá gbé, tó ń ṣoore. Tọ́mi kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé méjì. Òmùgọ̀ wà ní àkọ́kọ́, oore wà ní ìkejì.

Ibẹ̀ ni èṣù ti ráyè wọlé. Mo fa ojú ìwé kejì ya kúrò lára ti àkọ́kọ́, mo ní ó ti gùn jù, ìṣẹ́jú méjì ni tíṣà fún wọn. Ọmọ náà ní, "But Grandma, ibẹ̀ yẹn ni ibi tó dáa wà." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ti wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni?" Ó ki ojú ìwé kan tó kù bọ inú báàgì rẹ̀.

Èyí tó kù ṣojú yín. Ẹ múra bí ẹni ń lọ gba oyè. Ọmọ dúró níwájú gbogbo òbí, ó ní Grandma òun nice, pé nice ni òmùgọ̀ tí kò mọ nǹkan kan, ó sì jókòó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà wà lẹ́yìn, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra dìde, ẹ sọ fún Fúnmi pé kó lọ kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa, ẹ sì lọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ nìyí. Nígbà tí a délé, Fúnmi ní kí Tọ́mi kúnlẹ̀ ní pálọ̀, kó gbé ọwọ́ sókè, kó sọ ẹni tó kọ́ ọ ní irú àrífín bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í tú àṣírí àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kúnlẹ̀ jẹ ìyà mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi sì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Èmi jẹ tèmi tán, mo gbé igbá lé ọmọ lórí.

Mo wọ yàrá, mo yọ ojú ìwé tí mo fà ya jáde. Mi ò tiẹ̀ kà á parí tẹ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ìdí tó fi mú yín. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ohun tó wí rèé: "Ó máa ń bi mí ní ohun tí mo rò, ó sì máa ń dúró títí màá fi dáhùn." Èmi tí mo rò pé mọ́tò ni, pé yìnyín ni! Mo ronú títí, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo bi ọmọ náà ní nǹkan kan ju "Ṣé o ti jẹun?" àti "Ta ló fọ́ ife yìí?" lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Bíyìí kò lè wò mí lójú. Ọmọ yín ṣì ń kí mi láràárọ̀, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ mọ́, mi ò sì lẹ́nu láti bá a wí. Mo bẹ Tọ́mi náà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Lánàá, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo mú un jókòó sórí ibùsùn mi. Mo ní, "Tọ́mi, kí lo fẹ́? Sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ." Mo sì pa ẹnu mọ́, mo dúró. Ó pẹ́ o! Ẹnu ń yún mi. Mo ti ń retí pé á ní òun fẹ́ dòdò mi, ohunkóhun ṣáà tí orúkọ tèmi máa wà nínú rẹ̀. Ó ní, "I want Grandma Rónkẹ́." Ó dùn mí dé egungun. Ohun tó fẹ́ nìyẹn, èmi ni mo sì bi í. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Àna mi, mo kúnlẹ̀, ẹ foríjì mí. Bí ẹ kò bá fẹ́ fojú kàn mí, màá wà nínú yàrá mi títí ẹ ó fi gbé Tọ́mi lọ. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ yín. Ojú ìwé yẹn wà nínú àpò lẹ́tà yìí, ẹ kà á fúnra yín.

Kí Olúwa fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ojú yín má ríbi. Kí àwa méjèèjì dàgbà dé ọjọ́ tí Tọ́mi máa gbé ọmọ tirẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Èmi ni àna yín tó ṣẹ̀ yín,
Fèyísọ́lá Dáramọ́lá, Ìyá Bíyìí.

Àfikún: Mo ṣì ń jowú yín o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé mo ti yí padà. Bí ẹ bá tẹ fèrè mọ́tò, tí ọmọ sá jáde, inú mi á ru. Àmọ́ ẹ wá.